Ẹ̀wọ̀n Kì í Ṣe Oògùn

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:1–20, 1 Àwọn Ọba 19:1–8

 

Àwọn àgbà a máa sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ìdajì àkọ́kọ́ nínú òwe yìí nìkan ni a mọ̀. Bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá ń kọjá lọ́jà, àwa ọmọdé a máa tẹ̀ lé e, a ó máa kọrin sí i, àwọn tí ó gbójú nínú wa a sì máa sọ òkò sí i. Àwọn àgbà tí ó wà ní ìsọ̀ wọn a máa wò wá, ẹlòmíràn nínú wọn a tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a di abiyamọ ni ìdajì kejì òwe náà tó yé wa. Ẹni tí gbogbo ọjà ń wò yẹn, obìnrin kan ni ó lóyún rẹ̀, obìnrin kan ni ó pọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ni a fẹ́ sọ ní sáà yìí, àti ipa tí àwa obìnrin ìjọ ń kó nínú rẹ̀, ìbáà ṣe fún rere, ìbáà ṣe fún ibi. A kò ní sọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Ọkùnrin tí ìlú fi ẹ̀wọ̀n dè

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin inú Máàkù orí karùn-ún. Inú ibojì ni ó ń gbé. Tọ̀sán-tòru ni ó ń kígbe, tí ó sì ń fi òkúta ya ara rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìlú rẹ̀ ti ṣe sí i kí Jésù tó dé. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ni. Ìtọ́jú kan ṣoṣo ni ìlú náà mọ̀, wọ́n lò ó títí, kò sì mú un sàn. Ó kàn ń já ẹ̀wọ̀n ni, àwọn náà sì ń wá òmíràn.

Jésù dé, ó béèrè orúkọ. Nígbà tí àwọn ará ìlú fi padà wá wò ó, ohun mẹ́ta ni wọ́n rí: ọkùnrin náà jókòó jẹ́ẹ́, ó wọ aṣọ, iyè rẹ̀ sì ti bọ̀ sípò. A máa ń bi ara wa léèrè pé níbo ni ó ti rí aṣọ? Máàkù kò sọ. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan níbẹ̀ bọ́ tirẹ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà fẹ́ bá Jésù lọ, Jésù kò gbà fún un. Ó ní kí ó padà sílé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nítorí náà ìwòsàn náà kò parí ní etí òkun. Nínú ilé ni ó ti parí.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Ẹ̀mí àìmọ́ ni ó wà lára ọkùnrin yẹn, nítorí náà ẹ̀mí àìmọ́ ni gbogbo wèrè.” Rárá o. Ẹ ṣí Mátíù 4:24. Níbi tí ó ti ka àwọn tí a gbé tọ Jésù wá, ó dárúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀mí èṣù lọ́tọ̀, ó dárúkọ àwọn tí orí wọn dàrú lọ́tọ̀, ó sì dárúkọ àwọn ẹlẹ́gbà lọ́tọ̀. Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún wo Èlíjà lábẹ́ igi nínú aginjù. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó pe iná láti ọ̀run ni, síbẹ̀ ó jókòó, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tí ó tọ̀ ọ́ wá kò bá a wí, kò lé ẹ̀mí kankan jáde lára rẹ̀, kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kí ó sùn, ó tún jí i kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọwọ́ wa ṣe

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú ìjọ kan ní agbègbè wa yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìlú. Ó bí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin, gbogbo wa sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí kò fi lè sùn mọ́. Ó ń rìn káàkiri ilé lóru, ó ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Àwọn ìyá àgbà mọ orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: abísínwín. Ìyá rẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò, ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti hóró oògùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, ó gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ní oṣù kẹta ó pọ̀n ọmọ wá sí ìsìn, ó wé gèlè, ó jókòó láàrin wa. A yọ̀, a jó, a mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá.

Nígbà náà ni àwa ìyá inú ìjọ dá sí i. A sọ fún un pé bí ó bá gbàgbọ́ lóòótọ́ pé Jésù ti wo òun sàn, kí ni ó tún ń lo oògùn sí? A bá a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta ó kó oògùn rẹ̀ jáde, ọwọ́ ara wa ni a sì fi dà á sínú ṣálángá. A kọrin lé e lórí.

Kò pé oṣù méjì tí àìsàn náà fi padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú ti ìyá rẹ̀ láti padà sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé àdúrà kan tí ó jìnnà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi, wọ́n fi ebi pa á, wọ́n pè é ní ààwẹ̀, wọ́n fi pàṣán nà án, wọ́n ní ẹ̀mí inú rẹ̀ ni àwọn ń nà. Oṣù márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. Ọmú gbẹ láyà rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ta tétéétéé rìn, kò sí níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni ó lọ tú u sílẹ̀ níkẹyìn, tí ó sì gbé e padà sí ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí a lọ kí i, àpá ṣẹkẹṣẹkẹ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. A kò mọ ohun tí a ó sọ. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Màmá, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn fún wa ká ní ó bínú.

Ọdún pípẹ́ ni a fi kọ́ ọmọ ní ìwé. A mọ̀ pé bí olùkọ́ bá kọ àṣìṣe sójú pátákó, gbogbo kíláàsì ni yóò dà á kọ. Bí ó bá mọ̀ pé òun ti ṣì í, ojú pátákó kan náà ni ó gbọ́dọ̀ ti pa á rẹ́, níṣojú gbogbo ọmọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí. Gbangba ni a ti ṣì í, gbangba ni ó yẹ kí a ti tún un ṣe.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Àwọn baba wa kò fọwọ́ lẹ́rán nípa àìsàn yìí. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Wọ́n ní wèrè ìran, èyí tí ó wà nínú ẹbí. Wọ́n ní wèrè àfiṣe, èyí tí wọ́n gbà pé ayé fi ṣe ènìyàn. Wọ́n sì mọ abísínwín. Egbò kan tí àwọn oníṣègùn ń lò ni ti asofẹ́yẹjẹ. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ oògùn reserpine jáde láti inú egbò igi kan ní Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, àwọn ilé-ìwòsàn sì lò ó fún àwọn alárùn ọpọlọ. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó wá sí ilẹ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1950, kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí a tún sọ èyí tí ó kù: egbò tí a kò wọ̀n lè mú kí ìfúnpá ènìyàn wálẹ̀ títí dé ojú ikú. Bẹ́ẹ̀ sì ni pàṣán àti ẹ̀wọ̀n wà lára ìtọ́jú náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Calabar ní ọdún 1904 àti èyí tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní ọdún 1907, ibi tí a ń kó ènìyàn pamọ́ sí ni wọ́n jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ní ọdún 1952 ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí a wá mọ̀ sí Largactil fún àìsàn yìí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ní gbogbo ayé ti lè kúrò nínú yàrá àtìmọ́lé padà sílé.

Ọmọ Yorùbá kan sì fi ọ̀nà mìíràn han ayé. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́ inú ilé, ó ní kí ẹbí bá a wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Wọ́n ń gbà wọ́n sílé ní àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Aláìsàn yóò lọ gba oògùn rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, yóò padà sí abúlé, ìyá rẹ̀ yóò se oúnjẹ fún un, yóò bá wọn ṣiṣẹ́, yóò bá wọn ṣeré ní alẹ́. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú òun. Ní ọdún 1961 àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta láti wá wo iṣẹ́ náà. Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì kú ní ọdún 2004. Oògùn wà nínú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ ìyá náà wà níbẹ̀.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwa náà ní ẹ̀rí. Ros Colwill, obìnrin kan tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ Amaudo ní Itumbauzo, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni abúlé àlàáfíà. Àwọn tí ó ń sùn ní ẹ̀bá títì pẹ̀lú àkísà lára ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fún wọn ní oògùn, wọ́n ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá ilé wọn kàn, tí wọ́n sì ń mú wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí. Máàkù orí karùn-ún gan-an ni: wọ́n wọ aṣọ, wọ́n sì padà sílé.

John Wesley, baba wa nínú ìgbàgbọ́, kò ya àdúrà nípá kúrò lára oògùn. Ní ọdún 1746 ó ṣí ibi tí a ti ń fún àwọn tálákà ní oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1747 ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí ìtọ́jú ara. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ti ọdún 1759, ó kọ nípa obìnrin tálákà kan tí inú ń run láìdẹ́kun. Àwọn dókítà ń fún un ní oògùn inú. Wesley rí i pé ìbànújẹ́ ikú ọmọ rẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí àwọn dókítà máa wádìí ohun tí ó wà lọ́kàn aláìsàn. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣe irú obìnrin yẹn rí, tí a ń ra oògùn inú rírun lọ́jà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkàn ni ó ń sunkún?

Irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ní ìtọ́jú. Nígbà mìíràn dókítà yóò fún ni ní oògùn. Nígbà mìíràn ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà yóò máa jókòó ti ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì máa ràn án lọ́wọ́ láti tún èrò àti ìgbé-ayé rẹ̀ tò. Ìtọ́jú gidi ni ìyẹn pẹ̀lú.

Njẹ́ ilé àdúrà àti ilé-ìwòsàn lè ṣiṣẹ́ pọ̀? Àwọn onímọ̀ dán an wò ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ṣáájú wọn. Aláìsàn 307 tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn olùgbàdúrà ni ó wà nínú iṣẹ́ náà. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn, olùgbàdúrà sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí a tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí pásítọ̀ dákẹ́ àdúrà. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún nọ́ọ̀sì.

Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n kò tíì tán ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch jábọ̀ pé àwọn ṣèbẹ̀wò sí ibi 28 tí a ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ilé-ìwòsàn wà nínú wọn, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ilé àdúrà ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìstẹ́nì sì wà níbẹ̀. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá lọ tú ẹsẹ̀ ọmọ ẹni. Ìyá àti ìjọ ni ó lè wọ ibẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tún sọ fún aláìsàn pé kí ó dá oògùn dúró. Dókítà tí ó fún un ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, oògùn lè wà lára ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà ṣe é. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14), Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́.

Èkejì, kí a máa ṣọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ìyá ọmọ kò bá lè sùn, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò létí, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń bẹ̀rù ọmọ rẹ̀, kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ìbànújẹ́ tàbí ẹkún bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lára ẹnikẹ́ni, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ kú, a kì í fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀, a kì í sì í dúró di ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, kí a mọ ibi tí a ó lọ. Ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ wa ni kí a kọ́kọ́ dé. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní Ilé-ìwòsàn Ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, wọ́n sì wà ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó kò jìnnà. Ojú tí ń tini ni ó mú un jìnnà.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ẹ̀wọ̀n, ebi àti pàṣán, ẹni yòówù tí ó ń ṣe é, orúkọ yòówù tí ó fi ń ṣe é. Bí ọmọ ìjọ wa bá wà ní irú ibẹ̀, kí a lọ wò ó, kí a sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a jẹ́ ẹni tí ó bọ́ aṣọ fún un. Owó ọkọ̀ dé Adó, owó oògùn oṣù kan, abọ́ oúnjẹ kan, ẹni tí yóò mú ọmọ dání kí ìyá rẹ̀ lè sùn: ìwọ̀nyí ni aṣọ náà. Kí a sì yí ahọ́n wa padà. Kí a má ṣe pe ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ní “wèrè àná”. Kí a má ṣe sọ fún ọmọkùnrin pé kí ó má fẹ́ ọmọ ilé báyìí nítorí ìyá rẹ̀ ti ṣàìsàn rí.

Àdúrà wà ní àyè tirẹ̀. Àwa tí a dá oògùn yẹn sínú ṣálángá kò dẹ́kun àdúrà, a kàn kọ́ bí a ṣe ń gbà á ni. Nísinsìnyí a máa ń gbàdúrà pé kí oògùn ṣiṣẹ́, kí dókítà rí òótọ́, kí owó má wọ́n, kí ilé má ṣe ti aláìsàn síta. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ń rán aṣọ báyìí. Òun ni ó rán aṣọ tí àwọn kan nínú wa wọ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ti wà ní ilé-ìwé. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀, ó ṣì ń wá sí ìpàdé kíláàsì, ó sì ti dárí jì wá. Àwa ni kí a má ṣe gbàgbé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní kíláàsì
1. Ta ni ó wà nínú ìjọ tàbí àdúgbò wa tí àìsàn yìí ti mú kúrò láàrin wa? Ìgbà wo ni a kí i kẹ́yìn?
2. Ìmọ̀ràn wo ni a ti fún aláìsàn rí tí ó yẹ kí a lọ tọrọ àforíjì fún?
3. Kí ni kíláàsì wa lè máa dá lóṣooṣù fún owó ọkọ̀ àti owó oògùn?

Àdúrà
Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o rán áńgẹ́lì gbé oúnjẹ fún Èlíjà, rántí gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lónìí. Jésù Olúwa, ìwọ tí o béèrè orúkọ ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn sá fún, kọ́ wa láti mọ àwọn aláìsàn wa ní orúkọ. Tú àwọn tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, kí o sì lo ọwọ́ tiwa láti tú wọn. Dárí ìmọ̀ràn búburú wa jì wá. Tu àwọn ìyá tí ń sunkún lóru nínú, kí o sì mú àwọn ọmọ wọn padà sílé ní aṣọ lára àti ní iyè pípé. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.